Ẹni Tó Yẹ Ká Bo Orúkọ Rẹ̀

Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Ìjàpó Estate, ní Àkúrẹ́, kò ní pátákó lójú títì, kò sì ní ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ tó ń ṣèpàdé lóṣooṣù. Bí ẹgbẹ́ kan, yunifásítì kan tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan bá fẹ́ kó àwọn ímeèlì rẹ̀ àtijọ́ síta kí aráàlú àtàwọn olùwádìí lè máa kà á, àwa la máa ń kọ́kọ́ kà á. À ń wá ohun tó lè kó bá ènìyàn nínú rẹ̀: nọ́ńbà àkáǹtì, BVN, èsì àyẹ̀wò dókítà, àdírẹ́sì ilé, orúkọ ọmọdé, ìjà tọkọtaya. A ó yọ ọ́, a ó kọ ìdí tá a fi yọ ọ́ sínú ìwé ìyọkúrò, ìyókù á wá di ti gbogbo ayé.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló kọ́ mi. Yàrá fáìlì ọ́fíìsì kan ní Alágbàkà ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba ṣì ń gbé inú fáìlì tí wọ́n fi okùn dì. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní Ìbàdàn, èyí tí Kenneth Dike ṣe agbátẹrù rẹ̀ láwọn ọdún 1950: ìwé kan lè wà níbẹ̀ kí àsìkò àtikà á má tíì tó. Nígbà tí ímeèlì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fáìlì, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́. Ló bá kọ́ kọ̀ǹpútà lágbà, ló bá sọ yàrá kan nínú búńgálò rẹ̀ di ibi iṣẹ́.

Mọ́mì là ń pè é. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà lórí tábìlì rẹ̀. Ọ̀kan ní íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì kò ní in rí, orí ìyẹn nìkan sì ni lẹ́tà oníbàárà ń dé. Bó o bá ti jókòó sídìí rẹ̀, fóònù rẹ á wà nínú abọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà. Àlejò kì í wọ yàrá náà, bó ti wù kó sún mọ́ Mọ́mì tó.

Àkójọ tí mo fi kọ́ṣẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Oǹdó, tó ní ẹ̀ka nílẹ̀ yìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ni wọ́n ti ń fi ímeèlì ṣètò ohun gbogbo: owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́, owó ilé ìwòsàn àwọn arúgbó, kíkọ́ ilé ìlera, gbígbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sí ilé ìkàwé, kí àwọn ọmọ lè mọ bí ìlú ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe láìdúró de ìjọba. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó tọrọ owó oògùn lọ́dún náà lọ́hùn-ún kò mọ̀ pé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ á kà á lórí fóònù.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mọ́mì pe àkójọ tí oníbàárà kó wá ní ìyá, ó pe ẹ̀dà tá a fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọmọ. Ìyá á wọ inú dúráífù tá a máa ń tì pa, a ó gba iye SHA-256 rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ìlà lẹ́tà òun nọ́ńbà tó máa yí padà bí ẹnikẹ́ni bá fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ nìkan là ń fọwọ́ kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní a yí ìtàn padà lọ́la, ìyá á jáde wá jẹ́rìí.

Ẹ̀kọ́ kejì ni kíkà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi kàn ń ka lẹ́tà pẹ̀lú bírò àti ìwé tí mo fa ìlà sí: kí ni ohun tó wà níbẹ̀, ta ló ni ín, ta ló máa farapa bó bá jáde? Ìbéèrè kẹta ló gba àkókò jù. Nọ́ńbà fóònù akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lára káàdì ìpè gbogbo ayẹyẹ wọn, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nọ́ńbà fóònù obìnrin tó sá kúrò nílé ọkọ rẹ̀ lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Mọ́mì mú lẹ́tà kúkúrú kan ó fi là mí lójú. Akọ̀wé ló kọ ọ́ pé kí ẹgbẹ́ ran obìnrin kan lọ́wọ́ lórí owó iṣẹ́ abẹ. Ó yọ orúkọ obìnrin náà níṣojú mi, ó wá ní kí n máa kà á lọ. Ìlà tó tẹ̀lé e sọ pé ìyàwó tísà ni, pé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ló ń gbé, pé ó bí ìbejì ní Kérésì tó kọjá. Ó béèrè pé, "Ẹni tó ń gbé àdúgbò yẹn, ṣé ó ṣì ń wá orúkọ?" Láàárín àwa Yorùbá, orúkọ tí wọ́n fi ń kọ ènìyàn sínú ìwé kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é, tàbí Ìyá Kẹ́mi, tàbí Ìyàwó Tísà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti máa wá orúkọ ènìyàn kò mọ ìyẹn.

Ó tún fi àwọn ibi mìíràn tí ọ̀rọ̀ kan náà sá pamọ́ sí hàn mí. Àkòrí lẹ́tà náà dárúkọ àìsàn rẹ̀. Fáìlì PDF tí wọ́n so mọ́ ọn ní orúkọ rẹ̀ nínú orúkọ fáìlì, kí ènìyàn tó ṣí i pàápàá. Gbogbo ẹni tó fèsì ló gbé lẹ́tà àkọ́kọ́ sábẹ́ ìdáhùn tirẹ̀, débi pé bó o bá pa á rẹ́ lójú kan, ó ṣì wà lójú mẹ́wàá. Ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé fúnra rẹ̀ tún gbé orúkọ àwọn tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ní bòókẹ́lẹ́, àwọn tí ẹni tó gbà á kò rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nọ́ńbà ló yẹ kó rọrùn jù, torí ẹ̀rọ ló ń wá a. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, NIN tó jẹ́ ti ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè jẹ́ nọ́ńbà 11, BVN tó jẹ́ ti báńkì jẹ́ 11, fóònù náà jẹ́ 11. Bí o bá ní kí kọ̀ǹpútà yọ gbogbo nọ́ńbà 11, á yọ gbogbo rẹ̀ láìmọ èwo lèwo, ìwọ náà kò sì ní mọ ìdí tí wàá kọ sínú ìwé ìyọkúrò. A wá ń yà wọ́n sọ́tọ̀: fóònù máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 070, 080, 081, 090 tàbí 091, BVN máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22, èyí tó bá kù, a ó wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká.

Àkáǹtì báńkì ló dùn mọ́ mi jù láti kọ́. Láti ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ètò NUBAN kalẹ̀ ní 2010 ni àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ti di nọ́ńbà 10, tí èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ńbà àyẹ̀wò. Mọ́mì kọ kóòdù báńkì kan sórí pépà, 011, ó fi 000001457 tẹ̀ lé e. Ó ní kí n máa fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ láti ọwọ́ òsì, kí n tún bẹ̀rẹ̀ látorí 3, títí wọ́n á fi tán. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81. Bá a bá pín in sí mẹ́wàá-mẹ́wàá, 1 ló ṣẹ́ kù; bá a bá yọ 1 kúrò nínú 10, 9 ló kù. Nítorí náà, 9 ni nọ́ńbà tó gbọ́dọ̀ wà ní ìparí. Bí 4 bá wà níbẹ̀, àkáǹtì báńkì yẹn kọ́ nìyẹn.

Kò tán síbẹ̀. Nínú nọ́ńbà mẹ́wàá-mẹ́wàá tí ènìyàn kàn dédé kọ, ọ̀kan nínú mẹ́wàá á bá àyẹ̀wò báńkì kan mu. Bó o bá fi gbogbo báńkì tó wà nílẹ̀ yìí dán an wò, bóyá ni wàá rí nọ́ńbà tí kò ní bá ọ̀kan mu. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò náà kò fi wúlò àfi bí orúkọ báńkì bá wà nítòsí nínú lẹ́tà. Ní ti OPay àti PalmPay tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ti yọ òdo iwájú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò bí àkáǹtì níbẹ̀. Ẹni tó bá yọ fóònù tó fi àkáǹtì sílẹ̀ níhìn-ín kò tíì yọ nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nọ́ńbà lásán ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative fi hàn pé ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà, pé ₦100 péré ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kan. Ẹni tó ti ní nọ́ńbà rẹ ní ₦100 ń wá ìyókù ìtàn rẹ ni: ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá, ilé-ìwé tó o lọ, ẹni tó o máa ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ímeèlì ẹgbẹ́ ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kún sí fọ́fọ́.

Lẹ́yìn nọ́ńbà ló kan orúkọ, nídìí orúkọ sì ni ẹ̀rọ ti ń kúnlẹ̀ fún ọmọ Yorùbá. Olúwaṣeun lè jẹ́ Seun, Sheun tàbí Shewn nínú lẹ́tà ẹnì kan náà. Ayọ̀délé lè jẹ́ orúkọ bàbá, ó lè jẹ́ ti ọmọ. Sunday jẹ́ orúkọ ènìyàn, ó sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi; bó o bá ní kí kọ̀ǹpútà pa á rẹ́ káàkiri, gbogbo ìpàdé ẹgbẹ́ á di èyí tí kò lọ́jọ́. Ẹ̀rọ ePADD tí Yunifásítì Stanford ṣe fún irú àkójọ báyìí wúlò fún wa gan-an, torí ó ń to orúkọ jọ, ó sì ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó lẹ́gùn-ún. Síbẹ̀, ojú ènìyàn tó gbọ́ èdè ló ń parí iṣẹ́ náà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àmì ohùn. Ímeèlì kò mọ àmì wa bó ṣe wà. Ó sábà máa ń yí i padà kó tó gbé e rìn. Nínú fáìlì tí a kò tíì tú, Bọ́lá ò jẹ́ Bọ́lá mọ́. Báyìí ló rí: B=E1=BB=8D=CC=81l=C3=A1. Bó o bá wá "Bola", o ò ní rí i. Bó o bá wá "Bọ́lá", o ò ní rí i. Ẹni tó kàwé débi tó fi ń kọ Yorùbá rẹ̀ dáadáa ni orúkọ rẹ̀ á ṣẹ́ kù síta, nígbà tí ti àwọn tí kì í fàmì sí i á ti pa rẹ́. Bákan náà ni fáìlì tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà: ó ti di ìlà lẹ́tà gbọọrọ tí kò nítumọ̀ lójú, bẹ́ẹ̀ sì ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ló wà níbẹ̀. Òfin wa ni pé a gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà kí ìwákiri tó bẹ̀rẹ̀, ká sì sọ gbogbo àmì ohùn di irú kan náà.

Ó wá ku bí a ṣe ń bò ó. Àwọn kan máa ń fa ìlà dúdú sórí ọ̀rọ̀ nínú PDF, wọ́n á sì rò pé ó ti tán. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn lọ́yà Paul Manafort, ọkùnrin kan tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Àwọn oníròyìn kàn da ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìlà dúdú kọ síbòmíràn ni, gbogbo rẹ̀ sì jáde. Ọ̀rọ̀ tá a bá fẹ́ yọ, inú fáìlì gan-an la ti ń yọ ọ́, a ó fi gbólóhùn kan tí gígùn rẹ̀ kì í yí padà dípò rẹ̀. Gígùn àlàfo náà ń sọ̀rọ̀: bí àyè Adé bá kéré, tí àyè Akínrìnmádé sì gùn, ẹni tó mọ ìdílé náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ẹnì kan bá wà nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà, a ó fún un ní orúkọ ìdábòbò kan ṣoṣo, bíi Ẹni Kẹrin, kí òǹkàwé lè máa tọ ipasẹ̀ ìtàn rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ti ṣáájú wa nínú wàhálà yìí pọ̀, Mọ́mì sì máa ń ní kí n mọ ìtàn wọn bí ẹni mọ oríkì. Àgbà wọn ni ti Enron, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Amẹ́ríkà tó wó lulẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2001. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá níhìn-ín pẹ̀lú, torí ọkọ̀ ojú omi tó ru ẹ̀rọ iná fún Nàìjíríà wà lára òwò tí wọ́n fi ṣe àbòsí ìwé owó wọn ní ìparí ọdún 1999, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì dé iwájú adájọ́ ní Houston ní 2004. Nígbà tí àjọ ìjọba tó ń rí sí iná ń wádìí wọn, ó kó ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ síta lọ́dún 2003. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lẹ́tà, láti àpótí ímeèlì nǹkan bí 150 ènìyàn, ló di ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà káyé fi ń ṣèwádìí. Lọ́dún 2013, ilé-iṣẹ́ Nuix tún un gbọ̀n yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó sì yọ ohun tó lé ní 10,000 tó ní ọ̀rọ̀ ara ẹni, ìlera àti owó nínú. Ọdún mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ ti wà níta. Akọ̀wé tí kò jalè rí wà nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀gá tó jalè.

Ní oṣù kejì ọdún 2015, Jeb Bush tó ti jẹ gómìnà Florida kó ímeèlì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi hàn pé òun ò ní nǹkan í fi pamọ́. Aráàlú tó ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí i ló di ìhòhò: nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn àti ọ̀rọ̀ àìsàn wọn wà níbẹ̀. Wọ́n sáré yọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Ẹyin lohùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọlọ́pàá Northern Ireland ń dáhùn ìbéèrè aráàlú, wọ́n fi fáìlì Excel kan ránṣẹ́. Ojú ìwé kan fara pamọ́ sínú rẹ̀, orúkọ ìdílé àti ibi iṣẹ́ òṣìṣẹ́ 9,483 sì wà lórí rẹ̀, nílùú tí wọ́n ti ń dọdẹ ọlọ́pàá. Owó ìtanràn tí wọ́n bù lé wọn jẹ́ £750,000. Látìgbà yẹn, fáìlì Excel kan kì í jáde nílé Mọ́mì láìjẹ́ pé a ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní ojú ìwé mìíràn lẹ́yìn.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù kò kan kọ̀ǹpútà. Olóyè kan nínú ẹgbẹ́ náà wá láti Oǹdó lọ́jọ́ kan. Nínú lẹ́tà wọn, ọ̀rọ̀ owó kànga ẹlẹ́rọ kan wà tí wọ́n san tán, tí kànga kò sì jáde. Ó ní, "Màmá, ẹ bá wa yọ gbogbo ọ̀rọ̀ kànga yẹn. Ó ti pẹ́. Ẹ má jẹ́ kó ba orúkọ ẹlòmíì jẹ́." Mọ́mì fún un lómi tútù, ó ní, "Olóyè, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Owó ẹgbẹ́ ni, ẹgbẹ́ ló ni ìtàn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní ká yọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, èmi náà á sì kọ ọ́ sínú ìwé ìyọkúrò pé ẹ̀yin lẹ ní ká yọ ọ́." Olóyè rẹ́rìn-ín, ó mu omi, ó sì lọ.

Ohun tá a ṣe sí àwọn lẹ́tà náà ni mo fi mọ̀ pé mo ti ń di oníṣẹ́. Orúkọ akápò dúró, torí ipò rẹ̀ ló fi gba owó. Iye owó dúró. Orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ kànga dúró. Nọ́ńbà àkáǹtì akápò fúnra rẹ̀ kúrò. Ibi tó ti ṣàlàyé pé iṣẹ́ abẹ ìyàwó òun ló jẹ́ kí ìṣirò pẹ́, a yọ irú àìsàn náà, a fi ìdí tó pẹ́ sílẹ̀. Lẹ́tà kan wà tí ẹnì kan ti bínú pe ẹlòmíràn lólè láìsí ẹ̀rí. A kò yọ ọ́, a kò sì gbé e síta. A tì í pa fún àsìkò kan, a sì kọ ọ́ sójú ìwé àkójọ pé lẹ́tà kan wà níbí tí a tì. Ọ̀nà mẹ́ta ni oníṣẹ́ ní: kó gbé e jáde, kó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí kó tì í di ọjọ́ kan. Píparẹ́ pátápátá kò sí lára iṣẹ́ wa.

Òfin ilẹ̀ yìí náà fara mọ́ ọn pé ká ṣọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni, ká sì jẹ́ kí aráàlú mọ ọ̀rọ̀ tó kàn wọ́n. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ya ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀sìn, ẹ̀yà àti èrò òṣèlú sọ́tọ̀ pé ó gba ìṣọ́ra tó ju ti ìyókù lọ, ó sì fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́ bí ìdí tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ bá ti tán. Ṣáájú rẹ̀, òfin òmìnira ìsọfúnni ọdún 2011 ti ní kí iléeṣẹ́ ìjọba dáhùn ìbéèrè aráàlú láàárín ọjọ́ méje, abala kẹrìnlá rẹ̀ sì dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ Edo, aládùúgbò wa, ni ẹjọ́ yẹn ti wá, lórí ètò ìgbógunti àrùn AIDS níbẹ̀. Àpẹẹrẹ iṣẹ́ wa gan-an ni: orúkọ ẹni tó ń gba oògùn kò kan aráàlú, owó tí wọ́n fi ra oògùn kan gbogbo wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ìjọ, ilé-ìwé tàbí ìdílé, ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò pọ̀. Ẹ má máa ní kí ènìyàn kọ BVN àti NIN rẹ̀ sínú ímeèlì, torí ohun tí wọn ò bá kọ kò ní nílò àtiyọ. Ẹ má pa lẹ́tà àtijọ́ rẹ́ nítorí ìbẹ̀rù. Ìtàn ìlú wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e síta, ẹ wá ẹni tí kì í ṣe ara ìgbìmọ̀ yín kó kọ́kọ́ kà á láti orí dé ìdí. Bí wọ́n bá sì béèrè lọ́wọ́ yín pé ta ló yẹ kí orúkọ rẹ̀ wọ abẹ́ ìbòrí, ẹni tó wá tọrọ ìrànlọ́wọ́ ni. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á.